Bí A Ṣe Ń Mú Dráífà LED àti Dímà Bára Mu Kí Iná Má Baà Ṣẹ́jú

Ẹ ra iná LED tó dára, ẹ ra dímà tó dára (súìṣì tí a ń yí láti dín iná kù), ẹ so wọ́n pọ̀, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ẹ yí dímà wá sílẹ̀ díẹ̀, iná kú lójijì kó tó di bàìbàì. Ẹ pa á pátápátá, ó ṣì ń tàn fírífírí nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní gílóòbù náà ni kò dáa, wọ́n á lọ ra òmíràn, ìyọnu á sì tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú méjèèjì. Dráífà, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí iná ilé padà láti bọ́ LED, àti dímà tó wà lára ògiri ni kò bára mu, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ ìbáramu yìí ṣeé yanjú lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ iná ni mo kọ èyí fún, àti onílé tó fẹ́ mọ ohun tí yóò béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́. Bí ẹ ò bá kọ́ iṣẹ́ iná, ẹ kà á tán, ẹ fi yan ohun tí ẹ máa rà, kí ẹ sì fi síso wáyà sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wáyà

Ìgbà tí gílóòbù onífìláméǹtì ṣì ń jọba ni a ti ṣe irú dímà tó pọ̀ jù lọ nínú ilé. Joel Spira, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe dímà tó kéré tó láti wọ inú àpótí súìṣì ní 1959, ó sì dá ilé-iṣẹ́ Lutron sílẹ̀ ní 1961. Gílóòbù ayé ìgbà náà kò ní wàhálà kankan. Okùn irin tó ń gbóná tó sì ń tàn ni. Bí iná bá já fún ìwọ̀nba àkókò tí kò tó nǹkan, irin náà ṣì gbóná, ojú kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Iná AC, ìyẹn iná tó ń wọ ilé wa, ń lọ, ó ń bọ̀ bí ìgbì omi. Níbi tí wọ́n ti ń lo 50 Hz (ìgbì 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ó ń kọjá lórí òdo nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbi tó jẹ́ 60 Hz, ìgbà 120 ni. Dímà ògiri ń gé apá kan kúrò nínú ìdajì ìgbì kọ̀ọ̀kan. Bí apá tó gé bá ṣe pọ̀ tó ni iná á ṣe rọlẹ̀ tó.

Ọ̀nà méjì ló fi ń gé e. Èyí àkọ́kọ́ ń gé iwájú ìgbì: ó ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí ìgbì ti kúrò lórí òdo, lẹ́yìn náà ló máa wá ṣí iná sílẹ̀ lójijì. Ẹ ó rí *leading edge* tàbí *triac* lára rẹ̀, torí pé triac ni ẹ̀yà tó ń ṣí i. Èkejì ń gé ẹ̀yìn ìgbì: ó ń jẹ́ kí iná bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láti orí òdo, á sì pa á kí ìgbì tó parí. *Trailing edge* ni wọ́n ń kọ sára ìyẹn, ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n ń pè ní MOSFET ló sì máa ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ wà nínú triac. Triac dà bí ilẹ̀kùn tí ó ń pa ara rẹ̀ dé: bí ẹ bá ṣí i, ó di dandan kí nǹkan máa tì í kó tó lè dúró ní ṣíṣí. Kọ́rẹ́ǹtì, ìyẹn ìṣàn iná, tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń tì í. Bí kọ́rẹ́ǹtì náà bá rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, ìwọ̀n tó sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po mélòó kan mA (mílíáńpíà) mẹ́wàá, triac á pa dé láàárín ìgbì. Gílóòbù onífìláméǹtì 60 W lórí 230 V ń fa nǹkan bí 260 mA, nítorí náà kò sí ìṣòro. Iná LED 7 W ń fa nǹkan bí 30 mA péré, ó sì ń dín sí i bí ìgbì bá ń sún mọ́ òdo. Triac á pa dé, á tún gbìyànjú láti ṣí, á tún pa dé. Ohun tí ojú yín ń rí tó ń ṣẹ́jú nìyẹn.

Wàhálà kejì ni pé lórí iná 230 V, góńgó ìgbì ga tó 325 V. Bí dímà tó ń gé iwájú bá ṣí nítòsí góńgó yẹn, fóòtéèjì, ìyẹn agbára tó ń ti iná, á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kapásítọ̀ (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́ díẹ̀) tó wà lẹ́nu dráífà á gbé kọ́rẹ́ǹtì mì kàlù. Kọ́ìlì (wáyà tí a ká) àti kapásítọ̀ tó ń sẹ́ ariwo iná nínú dráífà á wá máa mì síwá-sẹ́yìn, ìmìtìtì yẹn sì lè fa kọ́rẹ́ǹtì lọ sórí òdo, kí triac tún pa dé. Ibẹ̀ náà ni ìró kíkùn tí a ń gbọ́ nínú dímà àti nínú iná ti ń wá.

Dráífà tó dára ní ohun tó fi ń kojú gbogbo èyí. Ó ní ẹ̀yà tó ń fa kọ́rẹ́ǹtì díẹ̀ sí i kí triac má baà pa dé, tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní *bleeder*, àti ẹ̀yà tó ń pa ìmìtìtì yẹn, *damper*. Ó tún ń wọn bí ìgbì tó kù ṣe gùn tó, kí ó lè mọ iye kọ́rẹ́ǹtì tí yóò fún LED. Dráífà tí wọn kò ṣe fún dímà kò ní ọ̀kankan nínú wọn, ẹ má sì retí pé dímà olówó gọbọi yóò fún un ní ohun tí kò ní.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ara dráífà

Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà *dimmable*, ìyẹn pé iná rẹ̀ ṣeé dín kù, lára rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ gbà pé kò ṣeé rọ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ tún wò ó síwájú sí i, torí pé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan kò tó: ṣé dímà tó ń gé ìgbì ló ń bá ṣiṣẹ́, àbí 0–10 V, àbí DALI (ọ̀nà méjì tí àṣẹ ń gba wáyà tirẹ̀, mo ṣàlàyé wọn ní ìgbésẹ̀ kejì)? Dráífà 0–10 V tí ẹ bá so mọ́ dímà triac lè bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé *dimmable* hàn gbàgàdà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo irú ohun tó ń gbé jáde. Àwọn dráífà kan ń gbé kọ́rẹ́ǹtì tí kì í yí padà jáde, wọ́n á kọ nǹkan bíi 350 mA, 500 mA tàbí 700 mA sí i, pẹ̀lú ààlà fóòtéèjì. Àwọn mìíràn ń gbé fóòtéèjì tí kì í yí padà jáde, 12 V tàbí 24 V, èyí tí a ń lò fún LED onírìbọ́nù. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ohun ayọ̀ ibẹ̀ ni pé bí dráífà bá yàtọ̀ sí ara iná, tí kì í ṣe pé wọ́n ti mọ ọ́n mọ́ inú gílóòbù, ẹ lè pààrọ̀ dráífà nìkan kí ẹ sì fi LED sílẹ̀. Ká ní LED yín ń fẹ́ 700 mA, tó sì ń gbé 36 V nígbà tó bá ń tàn: wáàtì rẹ̀ jẹ́ 0.7 lọ́nà 36, ìyẹn 25.2 W. Dráífà tó bá kọ 700 mA, 27–42 V sára yóò bá a mu dáadáa, nítorí 36 bọ́ sáàárín ààlà yẹn. Ẹ má ṣe mú dráífà tí LED yín yóò wà ní etí ààlà rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá ti ń rọ iná, fóòtéèjì LED á máa rọlẹ̀ díẹ̀, dráífà tó sì wà létí lè kú mọ́ yín lọ́wọ́ nísàlẹ̀.

Fún LED onírìbọ́nù, ẹ má fi dímà ògiri síwájú dráífà 24 V lásán. Ẹ ra dráífà 24 V tí wọ́n dìídì ṣe fún dímà tó ń gé ìgbì, tàbí kí ẹ fi dímà PWM (èyí tó ń tan iná tó sì ń pa á kíákíá láti dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù) sáàárín dráífà àti rìbọ́nù, lápá ibi tí iná DC, èyí tí kì í lọ kó máa bọ̀, wà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan ọ̀nà tí ẹ máa fi darí rẹ̀

Bí ògiri bá ti parí, tó jẹ́ wáyà méjì péré ló lọ sídìí iná, dímà tó ń gé ìgbì ni ọ̀nà tó kù. Láàárín irú méjì rẹ̀, èmi á mú èyí tó ń gé ẹ̀yìn ìgbì fún LED, àyàfi bí ìwé dráífà bá sọ ọ̀tọ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, kì í gbá dráífà ní ojú, kíkùn rẹ̀ kò sì pọ̀. Ibì kan wà tí kò gbọdọ̀ dé: iná 12 V tó ń gba inú tiransifọ́mà onírin (ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di 12 V) kọjá. Pípa kọ́rẹ́ǹtì lójijì nínú kọ́ìlì ń gbé fóòtéèjì gíga jáde, èyí tó lè ba dímà jẹ́. Tiransifọ́mà onírin ń fẹ́ èyí tó ń gé iwájú, tiransifọ́mà ẹlẹ́kítíróníìkì sì sábà ń fẹ́ èyí tó ń gé ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n bí ilé bá ṣì ṣí sílẹ̀, tí wọn kò tíì rẹ́ ògiri, mo bẹ̀ yín, ẹ fa wáyà méjì sí i lọ sídìí iná kọ̀ọ̀kan. Wáyà méjì yìí ló ń jẹ́ kí agbára iná gba ọ̀nà tirẹ̀, kí àṣẹ náà gba ọ̀nà tirẹ̀. Dráífà á máa rí ìgbì pípé, kò sí triac tí yóò pa dé, ìṣòro tí mo ti ń sọ láti òkè á sì tán lẹ́ẹ̀kan.

Nínú 0–10 V, 10 V túmọ̀ sí pé kí iná tàn dé òpin, 1 V túmọ̀ sí ìwọ̀n tó kéré jù. Dráífà fúnra rẹ̀ ló ń gbé fóòtéèjì náà jáde, dímà sì ń fà á wálẹ̀. Nítorí náà, bí wáyà àṣẹ bá já, iná á tàn dé òpin. Bí wáyà méjèèjì bá kanra, iná á di bàìbàì. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń wá àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ dráífà 0–10 V kì í kú pátápátá lórí àṣẹ yìí, wọ́n ń fẹ́ súìṣì tàbí rílè tí yóò gé agbára iná. Ẹ ṣọ́ pọ́sítíìfù àti négétíìfù wọn. Ní Amẹ́ríkà, wáyà aláwọ̀ elésè àlùkò àti aláwọ̀ eérú ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Láti 2022, pinkì ló rọ́pò aláwọ̀ eérú, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú fún niútírà, wáyà tí iná ń gbà padà. Bí ẹ bá bá dráífà láti ọ̀hún pàdé, ẹ ti mọ̀.

DALI, tó wà lábẹ́ òṣùwọ̀n IEC 62386, ni mo fẹ́ràn jù fún ilé ńlá. Wáyà méjì ń gbé àṣẹ lọ sọ́dọ̀ dráífà tó tó 64, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ pọ́sítíìfù àti négétíìfù. Àpapọ̀ kọ́rẹ́ǹtì tó ń bọ́ ìlà kan kò gbọdọ̀ ju 250 mA, ìlà náà kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 300 lọ lórí wáyà 1.5 mm². Fóòtéèjì rẹ̀ kéré, síbẹ̀ ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un bí iná bátìrì: òfin ààbò gbà kí ó máa bá wáyà agbára rìn nínú kébù kan náà, nítorí náà, ìṣọ́ra kan náà ni kí ẹ fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣírò ẹrù

Ẹrù ni àpapọ̀ agbára tí àwọn iná tó wà lórí dímà kan ń fà. Ibí ni àwọn èèyàn ti ń ṣi ìṣirò jù. Wọ́n á rí 400 W lára dímà, wọ́n á ní iná LED 8 W tí ó tó 50 lè wọ inú rẹ̀. Fìláméǹtì ni wọ́n ń bá 400 W yẹn sọ̀rọ̀. LED ń fa kọ́rẹ́ǹtì ní ìfọ́n-ìfọ́n, góńgó ìfọ́n kọ̀ọ̀kan sì ga ju ohun tí wáàtì rẹ̀ ń sọ lọ. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe dímà bá kọ nọ́ńbà ọ̀tọ̀ fún LED, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí wọn kò bá kọ ọ́, òfin ọwọ́ tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò ni ìdá kan nínú mẹ́wàá: 400 W á di nǹkan bí 40 W.

Ẹ wo *power factor* dráífà pẹ̀lú, ìyẹn ìdá tí wáàtì jẹ́ nínú ohun tí wáyà ń gbé ní ti gidi, tí a ń fi VA wọ̀n. Iná 8 W tí ti rẹ̀ jẹ́ 0.5 ń gbé 16 VA sórí wáyà àti dímà, 16 yẹn ni kí ẹ fi ṣírò.

Ẹrù tó kéré jù náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Dímà tó ń fẹ́ ó kéré tán 20 W, tí ẹ wá so iná LED 5 W kan ṣoṣo mọ́, kò lè ṣe dáadáa láéláé. Bí dímà mẹ́ta bá wà nínú àpótí kan lára ògiri, ooru wọn ń bá ara wọn lò, nítorí náà ìwé dímà máa ń ní kí a tún dín ẹrù kù. Ẹ ka ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá orúkọ méjèèjì nínú àtẹ ìbáramu

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe dímà àti àwọn tó ń ṣe iná máa ń gbé àtẹ jáde: dímà yìí pẹ̀lú iná yìí, iye iná tó kéré jù, iye tó pọ̀ jù, ìwọ̀n tí ó lè rọlẹ̀ dé. Ẹ lo nọ́ńbà àwòṣe, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan, torí iná méjì tó jọra bí ìbejì lè ní dráífà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú. Àmì mìíràn tó wúlò ni NEMA SSL 7A, òṣùwọ̀n ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ohun èlò iná ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2013 fún dímà tó ń gé ìgbì. Bí dímà àti iná bá jọ ní àmì yẹn, wọ́n ti tẹ̀ lé òfin kan náà lórí àwọn ohun ìpìlẹ̀.

Kí ẹ tó ra iná fún gbogbo yàrá, ẹ ra ìwọ̀nba díẹ̀, ẹ so wọ́n mọ́ dímà náà, ẹ dán an wò. Ìdánwò iná kan ṣoṣo kò tó, torí ó lè ṣẹ́jú nígbà tó dá wà kó sì dákẹ́ nígbà tí ẹrù bá pọ̀, tàbí kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì. Ẹ má sì da oríṣi iná méjì pọ̀ sábẹ́ dímà kan. Ọ̀kan á kú nísàlẹ̀ nígbà tí èkejì ṣì ń tàn, kò sì sí ibi tí ẹ fẹ́ yí dímà sí tí yóò tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: síso wáyà

Ẹ pa búrékà, ẹ fi tẹ́sítà rí i dájú pé iná ti kú lórí wáyà gan-an tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn. Dímà tó wà ní pípa lójú lè ṣì gbé iná lẹ́yìn.

Lórí láìfù, wáyà tó ń gbé iná wá, ni dímà ń gbé, kì í ṣe lórí niútírà. Bí wáyà niútírà bá wà nínú àpótí súìṣì, ẹ ra dímà tó ń lò ó. Dímà oníwáyà méjì ń bọ́ ẹ̀rọ inú ara rẹ̀ nípa gbígba inú iná kọjá, kódà nígbà tí ẹ bá ti pa á. Kọ́rẹ́ǹtì kékeré yẹn ló ń kún kapásítọ̀ dráífà díẹ̀díẹ̀, òun ló ń mú kí iná tàn fírífírí tàbí kó máa ṣẹ́ yìì láàárín òru. Dímà tó ní niútírà ń gba oúnjẹ tirẹ̀ níbòmíràn, ìṣòro yẹn kì í sì í sábà dé.

Ẹ má to dímà méjì tẹ̀ léra lórí ìlà kan. Ẹ má fi gílóòbù tí fóònù ń darí sẹ́yìn dímà, torí pé ó ní dímà tirẹ̀ nínú. Ẹ gbé dráífà síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbà, ẹ má fi fóòmù àjà bò ó. Àmì *tc* tó wà lára rẹ̀ fi ibi tí a ti ń wọn ooru rẹ̀ hàn, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ sì ni ooru tí kò gbọdọ̀ kọjá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ṣètò ìsàlẹ̀ àti òkè

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ìgbésẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fò jù nìyí, òun ló sì ń sọ iná tó ń bí èèyàn nínú di iná tó tura. Ọ̀pọ̀ dímà tí wọ́n ṣe fún LED ní ìdè kékeré kan tí a ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lábẹ́ ìdérí, tàbí ọ̀nà kan láti tẹ bọ́tìnì rẹ̀ pẹ́, tí a fi ń sọ fún un pé ibí ni kó mọ nísàlẹ̀.

Ẹ so gbogbo iná tó máa wà lórí ìlà náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn fún bíi ìdajì wákàtí kí wọ́n gbóná. Ẹ yí dímà dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ìkankan bá ń ṣẹ́jú tàbí tó ti kú, ẹ yí ìdè náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo wọn á fi dúró jẹ́ẹ́. Ẹ wá fi díẹ̀ lé e. Ẹ pa iná, ẹ tún tàn án láìgbé bọ́tìnì kúrò nísàlẹ̀. Ṣé gbogbo wọn tàn lẹ́ẹ̀kan náà? Dráífà sábà ń fẹ́ agbára púpọ̀ láti jí ju èyí tó fi ń dúró lọ, nítorí náà iná tó ń tàn dáadáa nísàlẹ̀ lè kọ̀ láti tàn bí ẹ bá pa á níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá pẹ́ jí, ẹ tún gbé ìdè sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tutù, ẹ tún gbogbo ìdánwò yìí ṣe, torí pé dráífà tútù kì í ṣe bíi dráífà gbígbóná.

Ẹ má bínú bí ìsàlẹ̀ tí ẹ rí kò bá tó èyí tí ẹ fẹ́. Ojú wa kì í wo iná bí míítà ṣe ń wò ó. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ iná ń lò ni pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí jẹ́ gbòǹgbò onílọ́po méjì ti èyí tí míítà wọ̀n. Iná tí míítà sọ pé ó kù 25%, ojú á rí i bí 50%. Èyí tó kù 10%, ojú á rí i bíi 32%. Kí ojú tó rí 10%, míítà gbọ́dọ̀ wá sí 1%. Ìyẹn ni pé iná tí wọ́n kọ sára pé ó ń rọlẹ̀ dé 10% kò lè ṣókùnkùn tó fún yàrá tí ẹ fẹ́ máa wo fíìmù nínú rẹ̀. Dráífà tó ń dé 1% ni kí ẹ wá.

Ìlànà kan náà yìí ń ṣe wá lóore lókè. Bí dímà yín bá lè ṣètò òkè, ẹ fà á wá sí 90%: ojú á rí nǹkan bíi 95%, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ooru dráífà á sì dín kù. Lórí dímà oníwáyà méjì, fífa òkè wálẹ̀ tún ń fún dímà láyè láti bọ́ ara rẹ̀, ṣíṣẹ́jú tó ń wáyé lókè pátápátá á sì dáwọ́ dúró.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ wá ṣíṣẹ́jú iná tí ojú kò rí

Iná lè dúró jẹ́ẹ́ lójú kó sì máa ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, tí orí á máa fọ́ ẹni tó ń kàwé lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ lórí *slow motion*, tàbí kí ẹ mú bírò kan kí ẹ jù ú síwá-sẹ́yìn kíákíá lábẹ́ iná náà. Bí ẹ bá rí ọ̀pọ̀ bírò tó yapa síra dípò eré kan tó ń ṣàn, iná náà ń ṣẹ́jú. Ẹ dán an wò lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, torí pé ibi tó ti burú jù sábà máa ń wà nísàlẹ̀.

Fún ẹni tó ní míítà, IEEE 1789-2015, òṣùwọ̀n ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná, fún wa ní ìṣirò tó rọrùn: láàárín 90 Hz àti 1250 Hz, ìdá ọgọ́rùn-ún tí ìmọ́lẹ̀ fi ń lọ sókè-sódò kò gbọdọ̀ ju 0.08 lọ́nà Hz kí ewu rẹ̀ tó kéré. Lórí 100 Hz, ìyẹn 8%. Lórí 120 Hz, 9.6%. PWM tó ń ṣiṣẹ́ lókè 1250 Hz bọ́ lọ́wọ́ ààlà yẹn, nítorí náà bí ẹ bá ń ra dímà PWM fún rìbọ́nù, ẹ béèrè Hz rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ ọ́, ẹ ra òmíràn.

Bí ìṣòro bá ṣì kù

Iná tó ń tàn lẹ́yìn tí ẹ ti pa á, tàbí tó ń ṣẹ́jú nítorí ẹrù kò tó: ẹ fi ẹ̀yà ìdọ́gba ẹrù tí ilé-iṣẹ́ dímà náà ń ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, láàárín láìfù tó ti ọ̀dọ̀ dímà wá àti niútírà, nídìí iná, kì í ṣe nínú àpótí dímà. Àwọn kan máa ń fi gílóòbù fìláméǹtì kan sáàárín LED kí ẹrù lè tó. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ gílóòbù kan yẹn lè jẹ agbára ju gbogbo LED tó kù lọ, n kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ṣe é.

Iná tó ń kùn: bí dímà bá ń gé iwájú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ń gé ẹ̀yìn, bí dráífà bá gbà á. Èyí ló sábà ń yanjú rẹ̀.

Iná tó ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí àkókò kan pàtó: ẹ yẹ ojú ibi tí wáyà ti so wò kí ẹ tó dá dímà lẹ́bi. Wáyà tí a kò so le ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè dáná.

LED 12 V tó rọ́pò halogen lórí tiransifọ́mà ẹlẹ́kítíróníìkì àtijọ́: tiransifọ́mà yẹn ní ẹrù tó kéré jù tirẹ̀, LED kò sì tó o. Kò sí dímà tó lè tún èyí ṣe. Ẹ yọ tiransifọ́mà, ẹ fi dráífà LED sí i.

Iná tó dára lórí iná ìta, tó ń ya wèrè lórí ẹ̀rọ inverter: inverter tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ onígun ń da dímà tó ń wá òdo ìgbì láàmú. Ẹ lo èyí tó ń gbé *pure sine wave* jáde, tàbí kí ẹ lọ sórí 0–10 V.

Kí agbára má baà ṣòfò

LED fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i bí kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ bá ń dín kù: ìmọ́lẹ̀ tó ń fún wa lórí wáàtì kan ń pọ̀ sí i. Dráífà ló ń jẹ èrè yẹn. Ohun tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń jẹ kì í dín kù bí iná ṣe ń dín, nítorí náà dráífà tó gbéṣẹ́ gan-an ní 100% lè máa fi apá tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀ ṣòfò ní 10%. Ẹ ra dráífà tí agbára rẹ̀ sún mọ́ ẹrù yín. Dráífà 150 W fún LED 20 W kò lè ṣe dáadáa nísàlẹ̀ láé. Bí ẹrù bá gba 70% sí 80% agbára rẹ̀, ó ní àyè láti mí, kò sì tóbi jù.

Ẹ wo ọ̀nà tó ń gbà rọ LED nínú. Èyí tó ń dín kọ́rẹ́ǹtì kù wọ́ọ́rọ́ kì í ṣẹ́jú, ó sì ń pa agbára mọ́. PWM ń jẹ́ kí àwọ̀ iná dúró sójú kan, ó sì ń lè sọ̀kalẹ̀ gan-an. Àwọn dráífà kan ń dín kọ́rẹ́ǹtì kù lókè, wọ́n á wá bọ́ sórí PWM nísàlẹ̀. Fún yàrá tí èèyàn ń gbé, èyí ni mo máa mú.

Dráífà DALI ń jẹ iná díẹ̀ kódà nígbà tí iná bá kú, torí ó ń retí àṣẹ. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù 2019/2020 fi 0.5 W ṣe ààlà fún irú ìdúró bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà tó dára láti fi yẹ ìwé dráífà èyíkéyìí wò.

Ooru ló kù. Kapásítọ̀ olómi tó wà nínú dráífà ló sábà ń kọ́kọ́ kú, ìṣirò tí gbogbo oníṣẹ́ ẹlẹ́kítíróníìkì mọ̀ sì ni pé bí ooru rẹ̀ bá fi 10 °C dín kù, ọjọ́ ayé rẹ̀ á di ìlọ́po méjì.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró, ẹ kọ nọ́ńbà àwòṣe dráífà, ti dímà, iye iná tó wà lórí ìlà náà àti ibi tí ẹ fi ìsàlẹ̀ sí sórí bébà kékeré kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìdérí dímà. Bí iná kan bá kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹni tó bá ṣí i á mọ irú èyí tó yẹ kó rà, á sì mọ̀ pé kó tún ìsàlẹ̀ ṣètò bí irú iná náà bá ti tán lọ́jà.